Bí ẹ ṣe lè fi kalikulétọ̀ fóònù yín ṣírò owó ogun àti owó ọsibítù nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà

Inú gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi kan ló lọ gbé e síbẹ̀ lálẹ́ Sátidé pé tí ìjọba bá dá owó sójà dúró fún ọdún kan péré, ọdún kan o, gbogbo ọsibítù tó wà ní Nàìjíríà ló máa dà bíi ti ìlú òyìnbó. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí ẹ̀gbọ́n wa tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ológun fi dá a lóhùn pé ẹni tí kò gbọ́ ìró ìbọn rí ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́rin tì í lẹ́yìn, àwọn àǹtí wa náà bá dá sí i, ló bá di ìdájí. Tírílíọ̀nù tírílíọ̀nù ni gbogbo wọn ń pariwo, kò sí ẹni tó mú fígọ̀ kan ṣoṣo jáde.

Èmi máa ń ka bọ́jẹ́ẹ̀tì bí àwọn míì ṣe ń ka tábìlì Premier League, ìyàwó mi ní àìsàn ni, mo gbà. Torí náà mo jókòó kọ bí mo ṣe máa ń ṣe é, kí ẹni tó bá fẹ́ jà nínú gúrúùpù tiẹ̀ lè rí nǹkan gidi fi jà. Ohun tẹ́ ẹ nílò ò pọ̀: fóònù, dátà díẹ̀, bírò àti ìwé, kalikulétọ̀ inú fóònù yẹn náà ti tó. Tí kò bá gba gbogbo òdo tó wà nínú tírílíọ̀nù, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, 5.41 tírílíọ̀nù, ẹ tẹ̀ ẹ́ bíi 5.41, kẹ́ ẹ ṣáà ti rí i pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi pín in náà wà ní tírílíọ̀nù.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látinú PDF. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá. Ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì gangan wà lórí budgetoffice.gov.ng, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ó lọ rẹrẹẹrẹ, lórí fóònù kékeré ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ọ̀rọ̀ tí ààrẹ máa ń kà níwájú àwọn aṣòfin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pe àwọn owó ńlá lórúkọ. Èyí tí Tinubu gbé lọ síwájú wọn ní December 19, 2025, fún ọdún 2026, ohun tó wà níbẹ̀ rèé: gbogbo ìnáwó pátá, 58.18 tírílíọ̀nù náírà. Ológun àti ètò ààbò, 5.41. Ọ̀nà, iná àtàwọn iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, 3.56. Ẹ̀kọ́, 3.52. Ìlera, 2.48. Owó tí wọ́n máa fi san gbèsè, 15.52. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé, ẹ fàlà sábẹ́ ti gbèsè yẹn, a ń padà bọ̀ níbẹ̀.

Ó yá, pípín. Ẹ fi 58.18 pín 5.41, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 9.3. Ìyẹn ni pé nínú 100 náírà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ ná, náírà 9 ó lé díẹ̀ ni ti ààbò. Ti ẹ̀kọ́, náírà 6. Ti ìlera, náírà 4 ó lé díẹ̀. Ti gbèsè, ó súnmọ́ náírà 27. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yé ìyá yín lọ́jà, ẹ pín in fún orí kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń lo 220 mílíọ̀nù èèyàn, ẹni tó bá fẹ́ lo iye míì kó lò ó. Ti ààbò á jẹ́ bíi 24,600 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ti ẹ̀kọ́ 16,000, ti ìlera 11,300 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. 11,300 náírà fún odidi ọdún! Ẹni tó bá ti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún bàbá ẹ̀ lóṣù kan péré mọ ibi tí owó yẹn máa gbé e dé.

Àmọ́ ẹ fura síbi tí wọ́n ti ń pín nǹkan. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà yẹn, ààrẹ sọ pé ìlera gba ìdá 6 nínú 100, èmi dẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé 4 ó lé díẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wa. Wọ́n ti yọ gbèsè kúrò nínú 58.18 tó wà lábẹ́ kí wọ́n tó pín in ni, ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò fetí sílẹ̀ dáadáa ni kò ní gbọ́ ọ. Kò burú, ẹ lè pín in bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yọ gbèsè kúrò lábẹ́ ti ìlera, ẹ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ti sójà náà, kó má di pé ẹ fi òṣùwọ̀n kan ra gààrí kẹ́ ẹ wá fi òmíì tà á. Ẹ yọ 15.52 kúrò nínú 58.18, ó ku 42.66, ti ààbò á fò sókè di 12.7. Nínú àríyànjiyàn mẹ́wàá tí mo bá pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, mẹ́jọ nínú wọn, ibí yìí ni wọ́n ti ṣubú.

Nísinsìnyí ká dán ọ̀rọ̀ àbúrò mi wò. Ní April 2001 àwọn olórí ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà pé jọ sí Àbújá wa níbí, wọ́n ṣàdéhùn pé ìdá 15 nínú 100 bọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn á máa lọ sí ìlera. Ìdá 15 nínú 58.18 jẹ́ 8.73 tírílíọ̀nù. Ẹ yọ 2.48 tó wà nílẹ̀ kúrò, ó ku 6.25. Gbogbo owó ààbò dà? 5.41. Àbúrò mi, ṣé o ń gbọ́? Tá a bá gba owó lọ́wọ́ sójà, ọlọ́pàá àti gbogbo wọn láìṣẹ́ kọ́bọ̀ kan kù, tá a bá kó o fún ọsibítù, a ò tíì ní dé ibi àdéhùn Àbújá. Gbèsè tẹ́ ẹ fàlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni erin inú igbó yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó ààbò, kò dẹ̀ sí ẹni tó ń bá a jà nínú gúrúùpù.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbé ìyẹn síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró ná.

Ẹ tún wá ọ̀rọ̀ ọdún tó ṣáájú, èyí tí ààrẹ kà ní December 18, 2024 fún ọdún 2025, ẹ gbé méjèèjì kẹ́gbẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi wé ọ̀rọ̀ o, òfin ni kẹ́ ẹ fi wé òfin, torí àwọn aṣòfin máa ń fẹ nǹkan yìí bí ìyẹ̀fun inú omi gbígbóná, ti 2025 yẹn 54.99 tírílíọ̀nù ló dà nígbà tí wọ́n máa fọwọ́ sí i ní February 28. Lọ́dún 2025, ààbò 4.91. Ẹ̀kọ́ 3.52. Ìlera 2.48. Ẹ padà lọ wo ti 2026 lókè. Ẹ̀kọ́ 3.52. Ìlera 2.48. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí, mo pa fóònù, mo tún ṣí i. Owó ààbò ti fi ààbọ̀ tírílíọ̀nù lé sí i, àwọn méjì yòókù dúró sójú kan bí òpó iná tí kò ní wáyà, ìyẹn láàárín ọdún tí kò sí oògùn kan ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì àdúgbò wa tó ṣì wà ní iye tí mo mọ̀ ọ́n sí. Lójú tèmi, ibí yìí ni ẹjọ́ wà. Kí sójà jẹun, kí wọ́n ní ìbọn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí ìyẹn, èèyàn mi náà wà nínú wọn. Àmọ́ tí owó kan bá ń dàgbà tí èkejì ò dàgbà, tí ìjọba kan náà ló ń bọ́ àwọn méjèèjì, ó yẹ ká bi wọ́n léèrè.

Ó wá kan PDF. Ọ̀rọ̀ ààrẹ ò sọ gbogbo nǹkan, àwọn àgbà dẹ̀ ti sọ ọ́ pé àfẹ̀ẹ̀rí kan ò ju ká rígbó ńlá bá sí lọ. Iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé náà: Iléeṣẹ́ Ààbò ni 0116, Ẹ̀kọ́ ni 0517, Ìlera ni 0521. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sínú àyè ìṣàwárí PDF, ẹ̀ẹ́ já síbẹ̀ tààrà, àlùjọ́ńnú ò ní yára jù yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lórí 0116 nìkan kò tíì rí owó ogun tán. Ti olùbádámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò wà ní 0157. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun wà lọ́tọ̀. Apá kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Service Wide Votes, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó owó tí kò ní ilé kan pàtó sí. Nígbà tí Operation Lafiya Dole ń jagun Boko Haram ní ìhà àríwá ìlà oòrùn, ibẹ̀ ni wọ́n kọ 75 bílíọ̀nù náírà iṣẹ́ rẹ̀ àti tàwọn iṣẹ́ ológun míì sí fún bíi mélòó kan nínú àwọn ọdún yẹn, ẹni tó bá ń wá a lábẹ́ Iléeṣẹ́ Ààbò kò ní bá a.

Ká má ṣe ojúsàájú ṣá, owó ẹ̀kọ́ àti ti ìlera náà máa ń sá pamọ́. Owó UBEC, àwọn tó ń rí sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí lábẹ́ 0517, apá statutory transfers ló wà níwájú ìwé, ìyẹn owó tí òfin ti ní kí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Ibẹ̀ náà ni owó BHCPF wà, ìyẹn owó ìtọ́jú kòṣeémánìí tí òfin ìlera 2014 ní kí wọ́n máa yọ sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀ka ìlera alábọ́ọ́dé. Mo ti rí ẹni tó fi ìbínú kọ ọ̀rọ̀ gígùn lórí bí ẹ̀kọ́ ṣe kéré, kò mọ̀ pé òun ò ka UBEC mọ́ ọn rárá, ẹni tó wá dá a lóhùn fi ìyẹn dójú tì í, gbogbo òtítọ́ tó sọ yòókù bá omi lọ.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì kì í dẹ̀ ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Àfikún bọ́jẹ́ẹ̀tì wà, àárín ọdún ló máa ń wọlé, ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa ń mọ ohun tó ń jẹ ìjọba lọ́kàn. Ní 2021, nígbà tí Kòrónà ṣì wà nílẹ̀, Buhari béèrè 895.8 bílíọ̀nù àfikún lọ́wọ́ àwọn aṣòfin. 770.6 nínú ẹ̀ fún ààbò. 83.56 fún abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú kalikulétọ̀: náírà 9 ó lé fún ìbọn sí náírà 1 fún abẹ́rẹ́. Ti November 2023 wá ni ẹ̀rín ń pa mí sí títí dòní. Bọ́jẹ́ẹ̀tì àfikún 2.17 tírílíọ̀nù, àwọn èèyàn ṣí i, wọ́n wo abẹ́ owó ológun ojú omi, wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ti ààrẹ, bílíọ̀nù 5 náírà! Ariwo ta. Àwọn aṣojú-ṣòfin jáde wá sọ pé àwọn ti yọ ọ́, àwọn ti kó o sórí owó ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó fi di bílíọ̀nù 10. Ẹni tó bá sọ pé kò sí àǹfààní nínú kíka bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ rán an létí ọkọ̀ ojú omi yìí. Owó kan kúrò lábẹ́ orúkọ ológun, ó bọ́ sábẹ́ ilé ìwé, torí pé àwọn kan jókòó ka ìwé.

Tẹ́ ẹ bá ti ní fígọ̀, ẹ sọ ọ́ di nǹkan tójú lè rí. Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ kí èyí yé mi, ọ̀gágun ni òun fúnra ẹ̀, Eisenhower, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, ẹni tó darí ogun ní Yúróòpù. Ní April 16, 1953 ló sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé owó bàálù ajubọ́ǹbù kan ṣoṣo tó kọ́ ilé ìwé oníbíríkì sí ìlú tó ju 30 lọ. Sójà ló sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi ò rí èsì fọ̀ sí ìyẹn. Tiwa náà rèé: ní 2018 Nàìjíríà san 496 mílíọ̀nù dọ́là fún bàálù ogun Super Tucano 12, pẹ̀lú ohun ìjà àtàwọn nǹkan tó bá a rìn. Iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là nígbà yẹn jẹ́ bíi 305 náírà, torí náà ó tó 151 bílíọ̀nù. Ọdún 2018 yẹn kan náà ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi owó BHCPF tí mo mẹ́nu bà lókè sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí òfin ti ní kí wọ́n ṣe é: bílíọ̀nù 55. Owó bàálù 12 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó tí gbogbo ṣẹ́ńtà ìlera Nàìjíríà fi dúró dè fún ọdún mẹ́rin. Ẹ ṣọ́ra ṣá, iye dọ́là ọdún tí wọ́n sanwó lẹ máa fi ṣírò, kì í ṣe tòní, tẹ́ ẹ bá fi tòní ṣírò ti 2018 ẹ ti rẹ́ ara yín jẹ.

Ẹnìkan á gbé ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀ dé, ó dájú bí ikú. Á ní ẹ wo January 17, 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Western Region, ọmọ ilé ìwé tí kò tó 500,000 fò di èyí tó lé ní 800,000 lọ́dún kan. Òótọ́ ni, bàbá mi wà lára àwọn tó jẹ nínú ẹ̀, síléètì tó fi bẹ̀rẹ̀ ṣì wà nílé wa ní abúlé, igun rẹ̀ kan ti kán. Àmọ́ Western Region ò ní sójà tó ń bọ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìgbà yẹn bi ẹnikẹ́ni léèrè, gómìnà yín ni kẹ́ ẹ bi, torí ìpínlẹ̀ òun náà ò ní sójà, ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ní Àmọ̀tẹ́kùn láti January 2020. Ohun tí gómìnà ní ni owó ààbò tí wọ́n ń pè ní security vote, èyí tí kì í sábà ní ìwé ẹ̀rí, kò dẹ̀ sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. CISLAC àti Transparency International, àwọn àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ṣírò ẹ̀ ní 2018, wọ́n ní gbogbo security vote Nàìjíríà lé ní 670 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Ẹ ṣí bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ yín, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oògùn tí wọ́n kọ fún ọsibítù ìjọba. Ìyẹn gan-an ló máa ń ká mi lára ju tírílíọ̀nù Àbújá lọ.

Ohun kan wà tí kalikulétọ̀ ò lè bá yín ṣe. Ogun ní owó tí kì í sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì rárá. Ní 2021 UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, sọ pé títí di òpin 2020, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ní àríwá ìlà oòrùn ti pa èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 350,000, ṣùgbọ́n nínú èèyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ni kì í ṣe ọta ìbọn ló pa á. Ebi ni, àìsàn ni, àìrí omi tó mọ́ ni, ṣẹ́ńtà ìlera tó ti jóná ni, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló dẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí mo ka ìyẹn tán mi ò lè dá ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi lẹ́jọ́ mọ́. Ẹni tó fẹ́ kí sójà rówó jà àti ẹni tó fẹ́ kí ọsibítù rówó oògùn, ọmọ kan náà ni wọ́n jọ ń wò.

Ó ku ìgbésẹ̀ kan, òun ni kò gba kalikulétọ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ló gbà. Owó tí wọ́n kọ yàtọ̀ sí owó tó jáde, tó jáde náà yàtọ̀ sí tó débi tó ń lọ. Ti ológun, ẹ ò lè tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ jìnnà, òfin fàyè gbà wọ́n láti fi ohun ààbò pamọ́. Ti ìlera, ẹ lè tọ̀ ọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ṣẹ́ńtà ìlera kan wà ládùúgbò wa, a gbé ọmọ wa lọ gba abẹ́rẹ́ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni obìnrin náà fi eyín mú kó lè rí ìlà ara síríńjì. Owó BHCPF yẹ kó máa wọ àkáǹtì irú ibẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èló ló wọlé? Kí ni wọ́n fi ṣe? Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 ní kẹ́ ẹ béèrè, kí wọ́n dá yín lóhùn láàárín ọjọ́ 7, ẹ ò dẹ̀ ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òfin yẹn ò kan àwọn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti parí ìyẹn ní April 2025, ó kan gbogbo wọn, dé ìjọba ìbílẹ̀.

Lẹ́tà tẹ́ ẹ máa fi béèrè, ẹ kọ ọ́ kúkúrú. Orúkọ yín, ohun tẹ́ ẹ fẹ́, oṣù wo sí oṣù wo, ẹ dárúkọ òfin náà nínú ìlà àkọ́kọ́. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni, ẹ má kọ ìtàn Nàìjíríà síbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tẹ́ ẹ máa mú lọ sílé, kí déètì wà lára òǹtẹ̀ náà, torí déètì yẹn lẹ máa fi ka ọjọ́ 7.

Mo gbé tèmi lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Màmá tó wà nídìí tábìlì wo lẹ́tà náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ṣé jọ́nálíìsì ni yín ni?" Mo ní rárá mà, bàbá ọmọ ni mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yọ páàdì òǹtẹ̀, ó ti gbẹ, wọ́n ta omi sí i, wọ́n lù ú. Déètì ẹ̀ ò hàn dáadáa, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ wọ́n tún un lù, wọ́n tún un lù. Ọjọ́ karùn-ún rèé.